Ọ̀pá Inú Ẹ́ńjìnì: Bí A Ti Lè Ṣe Ìdájọ́ Kọ́nrọ́ọ̀dù Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dìde láti bá yín sọ ní Ìkòtún yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun kan tí ojú kì í sábà rí, nítorí inú ẹ́ńjìnì ni ó ń gbé. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn mẹkáníìkì a máa pè é ní kọ́nrọ́ọ̀dù. Ó wà nínú ọkọ̀ tí ń kó èrò láti Ìkòtún lọ sí Ìjẹ̀gùn, sí Ìdímù àti sí Ìgàndó. Ó wà nínú ẹ́ńjìnì àwọn tí ń lọ ata ní ọjà. Ó sì wà nínú jẹnẹrétọ̀ tí ń tanná fún ilé ìsìn nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Nígbà tí ó bá ṣẹ́, kì í dá nìkan ṣẹ́. Èkúfọ́ rẹ̀ a máa lu ara búlọ́ọ̀kù títí yóò fi dá ihò sí i, ẹni tí ó rò pé ọ̀pá kan ṣoṣo ni òun yóò rà a sì rí i pé odidi ẹ́ńjìnì ni òun ní láti wá owó rẹ̀.

Ní ìgbà tiwa yìí, oríṣiríṣi kọ́nrọ́ọ̀dù tuntun ti jáde, ìyìn wọn sì ń ró kiri. Ẹni kan a ní èyí fúyẹ́, ẹlòmíràn a ní tọ̀hún lágbára, ẹ̀kẹta a ní irú èyí tí a fi ń sáré ìje ni. A fẹ́ fi hàn yín pé gbogbo ìyìn wọ̀nyí lè jẹ́ òtítọ́, kí ọ̀pá náà má sì wúlò fún ẹni tí ń rà á. Iṣẹ́ tí a ó fi ọ̀pá ṣe, àti iye ìgbà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, ni ó ń dá a lẹ́jọ́.

Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ti rí ẹ̀gbọ́n kọ́nrọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ aránṣọ ń tẹ pátákó irin ìsàlẹ̀, pátákó náà ń lọ sókè ó ń lọ sílẹ̀, ọ̀pá kan sì dúró gbọnrangandan ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí ó gba lílọ àti bíbọ̀ náà tí ó sì sọ ọ́ di yíyí lára àgbá ńlá. Nínú ẹ́ńjìnì, iná ni ó dípò ẹsẹ̀, písítìn sì dípò pátákó. Ojú méjì ni ọ̀pá náà ní: ojú kékeré ní òkè, níbi tí ó ti so mọ́ písítìn, àti ojú ńlá ní ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti gbá kíráǹkì mú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, a pín ojú ńlá yìí sí méjì kí ó lè ṣeé gbé wọ kíráǹkì. Apá tí ó ń ṣí ni a ó máa pè ní ìdérí, bóòtù méjì ni ó sì sábà ń dì í mú.

Láti ìgbà tí Nicolaus Otto ará Jámánì ti mú ẹ́ńjìnì onípele mẹ́rin rẹ̀ jáde ní ọdún 1876 ni ìpele náà ti wà bẹ́ẹ̀: kí ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, kí ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí iná ràn, kí èéfín jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tí iná bá ràn nìkan ni ìyà ń jẹ kọ́nrọ́ọ̀dù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá ràn, a tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ igi mọ́lẹ̀; ṣùgbọ́n ní òpin ìpele tí èéfín ń jáde, písítìn ti sáré dé òkè, kò sì sí ohun kan lókè tí yóò dá a padà. Kọ́nrọ́ọ̀dù nìkan ni ó gbọ́dọ̀ dì í mú kí ó sì fà á wá sílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn di ọmọ tí ń sáré lọ sí títì mú ní apá. Nítorí náà a ń tẹ̀ ẹ́, a sì ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí á fi òṣùwọ̀n tí gbogbo wa mọ̀ wọn agbára méjèèjì yìí, èyíinì ni àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50. Ká ní písítìn ọkọ̀ kékeré kan, àti ohun tí ń bá a lọ sókè lọ sílẹ̀, wọn ìdajì kílò, kí ìrìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 90. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fífà tí a ń fa kọ́nrọ́ọ̀dù yóò tó bí àpò sìmẹ́ńtì 6 tí a so rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ sọ yíyí náà di ìlọ́po méjì, 6,000. Ẹnìkan lè rò pé àpò 12 ni yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ju 23 lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, fífà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ìje fi ń wá ọ̀pá àti písítìn fífúyẹ́ lójú méjèèjì: gíráàmù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yọ kúrò lára ohun tí ń sáré lọ sókè lọ sílẹ̀, ẹrù ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ẹ́ńjìnì Lister, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1930, tí àwọn ará Íńdíà sì ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Irú ẹ́ńjìnì olóhùn wúwo yìí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ̀ mọ́ ilé ìlọta àti ilé ìlọ̀gbàdo. Ìgbà 650 péré ni irú èyí tí ó lókìkí jùlọ nínú wọn ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tilẹ̀ ka ohun tí ń lọ sókè lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ sí kílò 3, fífà rẹ̀ kò pé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ ojú písítìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 114. Bí iná bá tẹ̀ ẹ́ ní kílò 40 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà ju àpò 80 lọ. Bí ènìyàn bá gbé ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olówó iyebíye wá fún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní kí á yìn ín nítorí pé ó fúyẹ́, ohun tí ẹ́ńjìnì náà kò béèrè ni ó gbé wá. Ọ̀pá tí ó nípọn, tí kò lè tẹ̀ nígbà tí a bá rọ́ àpò 80 lé e lórí, ni ó ń fẹ́.

Iye ìgbà ni ọ̀rọ̀ kejì, níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n sì ti kọsẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1842, irin ìdí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin kan ṣẹ́ ní ẹ̀bá ìlú Meudon ní ilẹ̀ Faransé; ènìyàn tí ó ju 50 lọ ni ó kú. Ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé irin tí ó ti gbé ẹrù rẹ̀ láìsí wàhálà lánàá lè ṣẹ́ lónìí lábẹ́ ẹrù kan náà. Ará Jámánì kan, August Wöhler, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ohun yìí láàrín àwọn ọdún 1850 sí 1870. Ó rí i pé ẹrù tí irin lè gbé lẹ́ẹ̀kan láìmira lè ṣẹ́ ẹ bí a bá ń gbé e lé e tí a sì ń sọ̀ ọ́ ní ìgbà àìmọye. Àárẹ̀ ni a ń pe ohun yìí. Okùn wáyà tí ọmọdé bá ń tẹ̀ síwájú tí ó ń tẹ̀ sẹ́yìn a máa já bẹ́ẹ̀ láìlo ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n Wöhler tún rí i pé fún irin líle, òdiwọ̀n kan wà tí ó jẹ́ pé bí ẹrù kò bá kọjá rẹ̀, irin náà yóò máa gbé e lọ fún ìgbà pípẹ́ láìṣẹ́. Alumíníọ̀mù kò ní irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù rẹ̀ tilẹ̀ kéré, iye ìgbà tí ó ń gbé e ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù.

Báwo ni iye ìgbà náà ti pọ̀ tó? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tanná nílé wa ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ìyẹn jẹ́ 180,000. Ẹni tí ó bá tàn án ní agogo méje alẹ́ tí ó sì pa á ní agogo kan òru ti yí ọ̀pá náà ní ìgbà 1,080,000, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwọn onímọ̀ a sábà máa dán irin líle wò títí di ìgbà mílíọ̀nù 10 kí wọ́n tó gbà pé àárẹ̀ kò ní mú un. Jẹnẹrétọ̀ wa parí iye yẹn ní òru mẹ́wàá. Nítorí náà nígbà tí ẹlẹ́rù bá sọ pé òun ti fi kọ́nrọ́ọ̀dù tuntun kan sínú ẹ́ńjìnì, ó sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò tíì sọ ohunkóhun fún wa.

Ó tó àkókò kí á yẹ àwọn tuntun náà wò. Láyé àtijọ́, rírọ ni a ń rọ kọ́nrọ́ọ̀dù, bí alágbẹ̀dẹ ti í rọ ọkọ́, a ó sì máa fá a títí yóò fi wọn bí a ti fẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ irin di ìyẹ̀fun, wọ́n tẹ ìyẹ̀fun náà sínú àpẹẹrẹ, wọ́n yan án nínú iná, wọ́n sì lù ú mọ́lẹ̀ gbọn-in gbọn-in nígbà tí ó ṣì gbóná. Ilé-iṣẹ́ Toyota ti ń lo irú èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ford sì tẹ̀lé e láàrín ọdún mẹ́wàá kan náà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa jọ èkejì ní ìwúwo, ẹ́ńjìnì kì í sì í gbọ̀n. Ohun tí olùdánwò gbọ́dọ̀ béèrè ni bóyá ihò wínníwínní kankan ṣẹ́kù láàrín ìyẹ̀fun náà, nítorí inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni àárẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. A kò ní ẹ̀sùn kan sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń rìn ní ojú títì wa ni ó ti fi í rìn fún ọgbọ̀n ọdún.

Èyí tí ó yẹ kí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ dáadáa jùlọ ni ọ̀pá tí a fi ọwọ́ ara ẹni ṣẹ́ ojú ńlá rẹ̀. Kì í ṣe ayùn ni a fi pín in. A ó la ìlà tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ ojú náà ní inú, a ó sì fi agbára ńlá yà á lójijì, yóò sì ṣẹ́ sí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó kan. Ojú ibi tí ó ṣẹ́ a máa rí págunpàgun bí àwo amọ̀ tí ó fọ́, ìdí ọgbọ́n náà sì nìyí: bí ẹ bá da èkúfọ́ àwo méjì pọ̀, wọn yóò wọ inú ara wọn gẹ́lẹ́, kò sì sí èkúfọ́ mìíràn ní ayé tí yóò wọ ibẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni èyí ti tàn kálẹ̀. Ó dára púpọ̀, ó sì ń mú ìdérí dúró sójú kan ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti pa àṣà kan run tí ọ̀pọ̀ bá bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí nọ́ọ̀kì, àwọn kan a máa fi fáìlì fá ojú ìdérí díẹ̀ kí ojú ńlá lè fún mọ́ kíráǹkì. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pá tuntun yìí ti bà á jẹ́ láìní àtúnṣe, ẹni tí ó bá sì da ìdérí ti ẹnìkíní mọ́ ti ẹnìkejì ti ba ọ̀pá méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà nínú ìdájọ́ tiwa, a kò lè dá ọ̀pá tuntun lẹ́jọ́ láìwo ọwọ́ tí yóò tún un ṣe.

Ní ti títáníọ̀mù, ilé-iṣẹ́ Honda fi í sínú ọkọ̀ NSX ní ọdún 1990, ẹ́ńjìnì náà sì lè yí dé ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó lágbára, ó sì fúyẹ́ ju irin líle lọ. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ara rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irin tí ó bá ń fi ara kàn án bí a kò bá fi ohun mìíràn bo ojú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí á há a lára rárá. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ èrò láti Ìkòtún dé Ìyànà-Ìpájà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í yí ẹ́ńjìnì rẹ̀ dé 8,000. A kò rí ìdí tí yóò fi ra á.

Alumíníọ̀mù yóò yà yín lẹ́nu. A ti sọ pé àárẹ̀ ń mú un láìdáwọ́ dúró, àwọn tí ń fi í sáré ìje a sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n bá lò ó, wọn a sọ ọ́ nù kí ó tó ṣẹ́. Ó yẹ nígbà náà kí á lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ onípele mẹ́rin tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé wa, àwọn tí a ṣe ní àpẹẹrẹ ẹ́ńjìnì GX ti Honda, alumíníọ̀mù ni kọ́nrọ́ọ̀dù wọn, wọ́n sì ń pẹ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹni tí ó ṣe é ti mọ àìlera rẹ̀, ó jẹ́ kí ó nípọn, ó sì fún un ní iṣẹ́ díẹ̀: yíyí 3,000 péré àti písítìn kékeré. Ohun kan náà tí ó jẹ́ ewu lára ọkọ̀ ìje di ohun tí ó tọ́ níhìn-ín. Ikú rẹ̀ kì í sábà wá láti inú àárẹ̀, bí kò ṣe láti inú òùngbẹ. Ní ìsàlẹ̀ ojú ńlá rẹ̀ ni ṣíbí kékeré kan wà tí ń bu ọ́ìlì ta káàkiri inú ẹ́ńjìnì. Ọ̀pá náà kò sì ní bíárìn tí ó yàtọ̀, ara rẹ̀ gan-an ni ó fi ń gún kíráǹkì. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ tí ṣíbí náà kò bà á mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ìjọ, kí a wo ọ́ìlì kí a tó tàn án. Ó ṣe é ṣe láàárín orin ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti í dán ọ̀pá tuntun wò? Wọn a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, kọ̀ǹpútà a sì fi ibi tí ẹrù gbé kó jọ hàn wọ́n: ó sábà máa ń jẹ́ ọrùn tí ó wà ní abẹ́ ojú kékeré, àti igun tí orí bóòtù jókòó lé. Lẹ́yìn èyí ni wọn a so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń fà á tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ láìsí iná, títí yóò fi ṣẹ́. Kì í sì í ṣe ọ̀kan. Púpọ̀ ni, nítorí ọ̀pá méjì tí a rọ ní ọjọ́ kan náà kì í pẹ́ bákan náà, a kò sì lè fi ọmọ kan tí ó yege mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ti rí. Ìkẹyìn ni inú ẹ́ńjìnì gidi, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí, ní gbígbóná àti ní tútù. Nígbà tí wọ́n bá tú u, kì í ṣe sísán nìkan ni wọ́n ń wá. Wọn a wọn ojú ńlá bóyá ó ṣì rí róbótó, nítorí fífà lè sọ ọ́ di gígùn bí ẹyin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì fún mọ́ kíráǹkì, yóò nu awọ ọ́ìlì tí ó tínrín ju irun orí lọ kúrò, irin yóò sì máa họ irin. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí kò ṣẹ́ rárá ni ó ti pa ẹ́ńjìnì ní ọ̀nà yìí.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, ọwọ́ tí ń ṣe é lè já àpẹẹrẹ tí ó dára kulẹ̀. Ní ọdún 2015, Hyundai pe ọkọ̀ Sonata bí 470,000 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí ẹ̀rún irin tí ó ṣẹ́kù láti ibi tí a ti ṣe kíráǹkì lè dí ọ̀nà ọ́ìlì tí ń lọ sí bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù. Ní 2023, Honda pe nǹkan bí 249,000 padà níbẹ̀ kan náà, nítorí pé a kò lọ ojú kíráǹkì tí kọ́nrọ́ọ̀dù gbá mú bí ó ti yẹ. Nissan ní tirẹ̀ mú ohun tuntun gidi jáde ní 2018, lẹ́yìn iṣẹ́ ogún ọdún: dípò ọ̀pá kan ṣoṣo, àwọn apá irin tí a so mọ́ ara wọn, tí ó lè yí bí a ti ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ padà láti ìlọ́po 8 dé 14 nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ó pọ̀ sí i, bíárìn ni ó pọ̀ sí i; ní 2025 wọ́n pe ọkọ̀ tí ó ju 440,000 lọ padà ní Amẹ́ríkà nítorí bíárìn inú irú ẹ́ńjìnì yìí. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ìlú òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á lè béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, kí ó sì wádìí bóyá a ti pè é padà rí àti bóyá a ti tún un ṣe.

Nígbà tí ẹ bá lọ ra kọ́nrọ́ọ̀dù ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí níbikíbi, ẹ ò ní rí ẹ̀rọ ìdánwò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ṣófo. Ẹ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò. Bí ìwúwo wọn bá jìnnà sí ara wọn, kí ẹ dá wọn padà. Ẹ fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ̀, kí ẹ sì rọra fi irin kàn án, bí ìyàwó ilé ti í kan ìkòkò kí ó tó sanwó rẹ̀: èyí tí ó le yóò dún gooro, èyí tí ó ti sán yóò dún pọ̀ọ́. Bóòtù àtijọ́ tí ó ti nà, ẹ má ṣe lò ó lára ọ̀pá tuntun.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn oníṣẹ́ ojú irin láyé àtijọ́ máa ń lò, kò sì ju owó kẹrosíìnì àti ẹfun lọ. Ẹ fọ ọ̀pá náà mọ́, ẹ rì í sínú kẹrosíìnì mọ́jú, ẹ nù ún gbẹ pátápátá, kí ẹ sì fi ẹfun lílọ̀ kun un, pàápàá ní ọrùn rẹ̀ àti ní ìdí bóòtù. Bí ó bá sán níbì kan, kẹrosíìnì tí ó ti sá wọ inú ibẹ̀ yóò máa sun jáde díẹ̀díẹ̀, ìlà dúdú tín-ín-rín yóò sì hàn lára funfun. Sísán tí ó wà nínú lọ́hùn-ún kò ní hàn, ṣùgbọ́n òde ni àárẹ̀ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá hàn lára rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń jó irin, nítorí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n bá jó ni yóò tún ti sán. Ẹ fi ayùn gé e sí méjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹnikẹ́ni má baà nù ún mọ́, kí ó sì tún gbé e lọ tà.